Ó Ti Ń Ṣiṣẹ́: Ṣé Ó Ti Tọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ó sì lè ṣe àwọn kan bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kàn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi nǹkan ẹlòmíràn ṣọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọbìnrin tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà mẹ́rin ní ilé ìtẹ̀wé kan, ni ó bi wá léèrè lẹ́yìn kéwú ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ sọ àwọn ètò inú ọ̀kan nínú wọn di tuntun, ni ẹ̀rọ bá kọ̀, ó ní òun kò rí ààyè tì ìlẹ̀kùn nítorí pé ẹlòmíràn ti tì í. Ó wá ìmọ̀ràn kiri, wọ́n ní kí ó pa fáìlì kan rẹ́. Ó pa á rẹ́, iṣẹ́ sì ń lọ. "Aáfà," ó ní, "nígbà tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ni ó tún kù? Ṣé ẹ̀bi wà nínú ohun tí ó ti yanjú ni?"

Ìbéèrè gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ǹjẹ́ kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rí pé a ti ṣe é bí ó ti yẹ? Bí ẹ̀rọ bá kìlọ̀ fún wa, tí a sì wá ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ fi pa mọ́, ṣé a ti tún un ṣe ni, àbí a kàn ti sọ ọ́ di odi?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin yìí ń lò ń fi Linux ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ni Linus Torvalds tẹ̀ lé nígbà tí ó gbé Linux jáde ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, Ian Murdock, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde ìbẹ̀rẹ̀ Debian. Iṣẹ́ Debian ni láti kó àwọn ètò jọ, kí wọ́n dì wọ́n ní ẹrù ẹrù, kí ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ubuntu tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé ní ọdún 2004. Package ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní ẹrù.

Ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ lára. Ìwé náà sọ nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, ó sọ ẹni tí ń bójú tó o, ó sì sọ àwọn ẹrù mìíràn tí ó gbọ́dọ̀ wà nílé kí òun tó lè ṣiṣẹ́, bí ẹni tí yóò se ẹ̀fọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí epo àti ata. Ètò méjì ni ó ń ṣètò gbogbo èyí. APT ni ó ń lọ sọ́jà: ó ń wo ohun tí ó jáde ní tuntun, ó ń ṣírò ohun tí ó yẹ kí ó bá a wọlé àti ohun tí ó yẹ kí ó jáde. Dpkg ni ó ń tú ẹrù náà sílé, tí ó sì ń kọ sínú ìwé ìṣirò ilé pé mo gbé èyí wọlé, mo kó èyí jáde. Ìwé ìṣirò náà ń bẹ ní /var/lib/dpkg, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ status. Bí ìwé yìí bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ó ní mọ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn títì. Ènìyàn méjì kò gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé a tì í, yóò sì ṣí i nígbà tí ó bá ṣe tán. Bí ẹlòmíràn bá dé, ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé òun kò rí ààyè tì fáìlì lock-frontend. Ní àwọn ẹ̀yà tuntun, yóò tilẹ̀ dárúkọ ẹni tí ó wà nínú ilé àti nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé unattended-upgrades ni, èyíinì ètò tí ń gbé àtúnṣe ààbò wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó ṣe é. Kì í ṣe olè, kì í ṣe àìsàn. Òṣìṣẹ́ ni, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá pa fáìlì náà rẹ́. Fáìlì yẹn kọ́ ni àgádágodo. Fáìlì náà a máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Inú ọkàn ètò kọ̀ǹpútà gan-an ni títì náà wà, ó sì so mọ́ fáìlì tí ẹni àkọ́kọ́ dì mú. Bí a bá pa á rẹ́, ẹni àkọ́kọ́ ṣì di tirẹ̀ mú lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni kejì yóò wá dá fáìlì tuntun, yóò tì í, yóò sì rò pé òun nìkan ni ó wà nínú ilé. Àwọn méjèèjì wá jọ ń kọ nǹkan sínú ìwé ìṣirò kan. Nígbà mìíràn, ẹni àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán, wọn kò ní kọlu ara wọn, gbogbo rẹ̀ á sì lọ bí ó ti yẹ. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn yìí ti gba orúkọ rere. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò sọ fún ẹlòmíràn pé ó ṣiṣẹ́, òdodo ni ó sì sọ.

Ohun tí ó yẹ kò le. Kí a ka orúkọ tí ẹ̀rọ dá. Kí a fi nọ́ńbà náà wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kí a lọ mu omi. Bí ó bá ti kú, títì náà ti bá a lọ, nítorí pé ọkàn ètò kì í bá òkú tì ìlẹ̀kùn. Bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, èyí tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, APT yóò sọ fún wa nígbà tí iná bá dé pé wọ́n já dpkg lójú iṣẹ́, yóò sì sọ àṣẹ tí a ó fi parí rẹ̀: dpkg --configure -a. Bí ìwé ìṣirò bá sì ti bàjẹ́, Debian a máa pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sínú /var/backups. Àwọn tí ó kọ ètò yìí ti ro ti ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro wa ṣáájú wa. Àwa ni a kì í ka ohun tí wọ́n kọ.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yóò mọ̀. Bátìrì kékeré tí ń rántí aago nínú kọ̀ǹpútà a máa kú bí ó bá gbó. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà, yóò rò pé a ṣì wà ní ọdún tí ó ti kọjá lọ tipẹ́. Bí a bá wá ní kí APT lọ wo ohun tuntun, yóò dá wa lóhùn pé ìwé tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pín ẹrù kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, ó ku ìwọ̀n wákàtí tàbí ọjọ́ báyìí. Ẹni tí kò bá rò ó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tí ó kọ ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, aago tirẹ̀ ni ó ṣì.

Ọ̀nà méjì ni ó yanjú èyí. Èkíní ni kí a tún aago ṣe, kí a sì pààrọ̀ bátìrì. Èkejì ni kí a pàṣẹ fún APT pé kí ó má wo ọjọ́ mọ́. Àṣẹ náà wà, kò sì gùn. Ọ̀nà méjèèjì ni ẹrù yóò fi wọlé. Ẹni tí ó bá wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mọ èyí tí a lò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìdí tí APT fi ń wo ọjọ́: kí ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lójú ọ̀nà má ba à gbé ìwé àtijọ́ fún wa bí ẹni pé ti òní ni, kí ó sì fi ihò tí wọ́n ti dí pa mọ́ fún wa. Ẹni tí ó tún aago ṣe ti wo ara ẹ̀rọ sàn. Ẹni tí ó ní kí ẹ̀rọ má wo ọjọ́ mọ́ ti yọ ojú olùṣọ́, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ń bọ̀, títí kan ọjọ́ tí olè yóò wá.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún ẹni tí ó jókòó sí ilé kéwú. Wọn yóò ní kí a wá wo ilé ìtẹ̀wé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oníbàárà mẹ́fà dúró, tí ẹni tí ó fẹ́ tẹ ìwé ìkómọ ní ọ̀la ni ìkómọ, tí ọ̀gá ń pariwo. Òdodo ni. Ẹni tí yóò bá dúró títí yóò fi mọ ìdí gbogbo nǹkan kò ní ṣe nǹkan kan láyé. Kíkọ̀ láti sọ ètò di tuntun pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, nítorí ihò tí a kò dí ni olè ń gbà wọlé. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni di ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ohun tí a ń wò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó sọ pé "n kò mọ ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ di alẹ́", àti ẹni tí ó sọ pé "n kò mọ ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí n pa á lẹ́nu mọ́". Àìmọ̀ kan náà ni ó wà lórí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan fi àìmọ̀ rẹ̀ hàn, èkejì bò ó mọ́lẹ̀ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ní ilé kéwú wa, a kì í fọ wàláà tí a kò tíì kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ lórí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Linus Sebastian, ará Kánádà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò rẹ̀ nípa ẹ̀rọ, fi ara rẹ̀ hàn níbi tí ó ti ń gbìyànjú Pop!_OS, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ubuntu. Steam, ètò tí wọ́n fi ń gba eré orí kọ̀ǹpútà, ni ó fẹ́ gbé wọlé. Àṣìṣe kan wà nínú bí wọ́n ṣe to ẹrù náà ní àkókò yẹn, èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí ó rọrùn, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó wá lọ tẹ àṣẹ. APT to orúkọ àwọn ẹrù tí yóò yọ kúrò lọ rẹrẹ, ó sọ pé ó fẹ́ ṣe ohun tí ó lè pa ẹ̀rọ lára, ó sì ní bí ó bá dá a lójú, kí ó tẹ gbólóhùn kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ti wí!" Ó tẹ̀ ẹ́. APT sì ṣe bí ó ti wí: ó yọ gbogbo ohun tí ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà kúrò, ó ku ojú dúdú àti lẹ́tà funfun.

Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rọ bá ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn lójoojúmọ́ pé "ṣé ó dá ọ lójú?" lórí ohun tí kò tó nǹkan, ó ń kọ́ ọ láti máa fèsì láìkà ni. Ẹni tí ń fi gbogbo ẹnu kìlọ̀ nígbà gbogbo ń pa ìkìlọ̀ ara rẹ̀. Àwọn alábòójútó APT kò bínú sí ọkùnrin náà kí wọ́n sì sinmi síbẹ̀. Wọ́n yí ètò náà padà, tí ó fi jẹ́ pé gbólóhùn yẹn nìkan kò tó mọ́ láti yọ ẹrù tí ẹ̀rọ kò lè ṣe aláìní. Ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àṣẹ pàtàkì kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn dára lójú wa ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ṣì kéré. Ẹ̀rọ ẹnì kan bàjẹ́, ó tún un ṣe, ó parí. Ẹ jẹ́ kí a wá sórí èyí tí ó wúwo, nítorí pé òun ni ó dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa gan-an.

Ẹrù kan wà nínú Debian tí ń jẹ́ OpenSSL. Òun ni ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ àṣírí bí a bá fi ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ rere ni èyí tí wọ́n ṣe láti inú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọgbọ́n orí mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, OpenSSL a máa kó oríṣiríṣi nǹkan tí kò ní ìlànà jọ sínú agbada kan, yóò pò ó, yóò sì bù ú láti inú rẹ̀. Ètò mìíràn sì wà tí ń jẹ́ Valgrind. Olùṣọ́ ni Valgrind. Bí ètò kan bá ń ka ibi tí kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan sí nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Valgrind yóò pariwo.

Valgrind pariwo sí OpenSSL. Alábòójútó ẹrù náà ní Debian, tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìgba owó oṣù, wo ibi tí ariwo ti ń wá, ó rí ìlà àṣẹ méjì tí ó jọra bí ìbejì. Kò sáré. Ní ọdún 2006, ó kọ̀wé sí àwọn tí ó ni OpenSSL, ó fi ìlà méjèèjì hàn wọ́n, ó sì bi wọ́n bóyá kí òun yọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fèsì pé bí ó bá ran wíwá àṣìṣe lọ́wọ́, òun fara mọ́ ọn. Ó yọ wọ́n. Valgrind dákẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, ẹrù náà wọ inú Debian, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé Ubuntu àti àwọn mìíràn tí ń jẹ lára Debian.

Ìlà méjì yìí, bí wọ́n ti jọra tó, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. A lè yọ ọ̀kan, kí ó má sì ṣe nǹkan kan. Èkejì ni ẹnu agbada náà gan-an, ibi tí gbogbo ohun tí wọ́n ń kó jọ ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, agbada ṣófo. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù tí ń mú kí kọ́kọ́rọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ètò náà lójú iṣẹ́, èyí tí kò ju 32,768 lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ó yẹ kí iye rẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ wá di ohun tí ènìyàn lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó sì máa fi wọ́n gbìyànjú ilẹ̀kùn kiri.

Fún bí ogún oṣù, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ń tì, kọ́kọ́rọ́ ń ṣí. Ojúlé báńkì àti ti ilé-ìwé ń ṣí bí ó ti yẹ. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, nítorí pé ìkìlọ̀ náà ni wọ́n yọ. Luciano Bello, ará Argentina tí òun náà ń ṣiṣẹ́ fún Debian, ni ó rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2008.

Níbí ni ìdáhùn wa fún akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde, àtúnṣe ẹrù náà kò gba àkókò: dídá ìlà náà padà ni. Ẹni tí ó bá sọ OpenSSL rẹ̀ di tuntun ti ní èyí tí ó péye. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ẹrù búburú náà ti ṣe kò bá a yí padà. Gbogbo wọn ni wọ́n ní láti kó dànù kí wọ́n sì ṣe òmíràn, láti ibi gbogbo tí wọ́n ti gbé wọn dé, títí kan orí kọ̀ǹpútà tí kò lo Debian rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní láti ṣe àkójọ àwọn kọ́kọ́rọ́ burúkú, kí ẹ̀rọ lè máa kọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí nǹkan ń ṣiṣẹ́ láìtọ́ ni ó ń bí ọmọ jù, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ìbá ṣe pé ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ni, wọn ìbá ti tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta wá ni ó jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ ló bú alábòójútó náà. Àwa rí i pé ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe: ó béèrè. Èrò rere ni ó ní, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣe, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. A kò lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Síbẹ̀, èrò rere kò kún agbada náà. Ẹni tí ó gba àgbàfipamọ́ àìmọye ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí láti mọ iṣẹ́ ohun tí ó ń yọ, kì í ṣe láti mọ̀ pé ariwo ti dákẹ́ nìkan. Ní ti ẹni tí ó fèsì, a rò pé ẹrù tirẹ̀ kò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi ẹnu fẹ́lẹ́ sọ fún ẹni tí ó fọkàn tán an kì í jẹ́ fẹ́lẹ́ mọ́ nígbà tí ó bá dé ọwọ́ ẹni náà. Ó rò pé fún ìgbà tí ó bá ń wá àṣìṣe nìkan ni. Ẹni tí ó béèrè rò pé fún gbogbo ayé ni. Kò sí ẹni tí ó bi èkejì pé kí ni ó ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ara yín ní ìmọ̀ràn pé "pa fáìlì yẹn rẹ́", ẹ rántí pé ẹ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìkéde yẹn ni ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀, Valgrind kan náà ni ó sì wà níbẹ̀. Xz ni ètò tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó o, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2021, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan sì ń fúngun mọ́ alábòójútó náà pé iṣẹ́ kò yá, kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Jia Tan fi sùúrù gba ipò. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó gbé ẹ̀yà 5.6.0 jáde, ìlẹ̀kùn àṣírí sì wà nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání yóò fi lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti òkèèrè.

Valgrind pariwo. Kí ni Jia Tan ṣe? Ó wá àlàyé tí ó dùn-ún gbọ́ létí, ó ní àṣìṣe ibòmíràn ni, ó sì gbé 5.6.1 jáde ní oṣù Kẹta kí ariwo náà lè dákẹ́. Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹni rere ní ọdún 2006 àti ọ̀dàlẹ̀ ní ọdún 2024, ohun kan náà ni ọwọ́ wọn ṣe: wọ́n pa Valgrind lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn òde kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èrò ọkàn wọn jìnnà síra bí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kò sì sí àní-àní pé ẹ̀bi wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àṣà láàárín àwa tí a jẹ́ ẹni rere pé kí a máa pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, a ti tẹ́ ibùsùn fún ẹni búburú, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí tiwa lójú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó tú àṣírí náà ni Andres Freund, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL. Kò wá olè rárá. Ó ń wọn bí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe ń yá tó lórí Debian tí kò tíì di ẹ̀yà tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì rí i pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìyàtọ̀ náà, ìwọ̀n kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ó ń ṣiṣẹ́ o! Ilẹ̀kùn ń ṣí. Ta ni yóò da ara rẹ̀ láàmú nítorí ìṣẹ́jú? Ṣùgbọ́n ó rántí pé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n sọ àwọn ẹrù di tuntun, Valgrind ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé òun. Ó so méjèèjì pọ̀, ó tọ ipa rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, kí ẹrù náà tó wọ ẹ̀yà Debian tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé-ìwòsàn ń lò.

Àwọn Debian wá ní láti dá xz àtijọ́ padà kíákíá. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: APT kì í fi nọ́ńbà kékeré rọ́pò ńlá bí a bá ní kí ó sọ ètò di tuntun, 5.6.1 ni ó sì ti wà lórí ẹ̀rọ àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni 5.4.5 ni èyí tí wọ́n fọkàn tán. Wọ́n lè fún ẹrù àtijọ́ náà ní orúkọ ńlá kan, bíi 5.6.2, ẹ̀rọ ìbá sì gbà á láìjanpata. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́ fún ẹni tí ó bá kà á. Wọ́n kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yóò gbà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí "ní tòótọ́" há a láàárín, kí ènìyàn lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ẹ̀yà xz lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe náà, ohun tí yóò rí lójú rẹ̀ ni 5.6.1+really5.4.5-1.